Ọ̀bẹ Aláìlámì Tó Fẹ́ Pa Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ dákẹ́ ariwo! Láti àárọ̀ lẹ ti ń han bí ẹyẹ ẹ̀ga níwájú ilé mi. Ìdajì yín ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó bá rọ ọ̀bẹ fi àmì ara rẹ̀ sí i. Ìdajì yín ní iṣẹ́ tó bá dára kò nílò àmì. Ẹ wá ní kí èmi dájọ́. Èmi ọdẹ? N kì í ṣe adájọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí ti gbé mi dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó jókòó lé bàtà rẹ̀. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, máa rín in lọ. Tí mo bá sọ ọ́ dé ìdajì, a ó wò ó bóyá eyín rẹ á ṣì wà níta.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Bàbá wa rọ irin, bàbá ìyá wa ṣọdẹ. Ìyá kan náà àti bàbá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ògúnníran. Òun gba irin, èmi gba igbó. Èmi tí ẹ ń wò tó ń fi ọ̀pá rìn yìí, mo ti di ẹfọ̀n ní ìwo mú rí, tí ẹfọ̀n náà ń bẹ̀ mí. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n.

Ní ìlú wa, Òkè-Ìràwé, òfin kan wà láyé ijọ́un. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ló gbọ́dọ̀ tẹ àmì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí irin bá ṣì pọ́n, bí a ti ń kọ ilà fún ọmọ. Ẹnìkan á fi ejò, ẹnìkan á fi òṣùpá. Tí ọ̀bẹ bá kán, a mọ ilé ẹni tí a máa dá a padà sí. Tí ọ̀bẹ bá pa ènìyàn, a mọ ilé tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ní òun kò ní ṣe é. Ó ní, "Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yadi ló ń fi àmì sọ̀rọ̀." Ọ̀bẹ rẹ̀ sì mú, n kò ní purọ́ fún yín. Ó mú débi pé ọba tó wà lórí oyè nígbà náà fi ọ̀kan fá irùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń kí i ní Má-sàmì. "Má-sàmì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àyà ẹ̀gbọ́n mi á wú. Ogójì ọdún gbáko ló fi jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ ìpàdé kan láàfin, Balógun ìlú wa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀bẹ tí kò lámì, ọmọ àlè ni. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín gbogbo ènìyàn, ó na ìka sí i, ó ní, "Balógun, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò dá yín lóhùn!" Ọjọ́ kẹta rẹ̀, wọ́n bá Balógun lójú ọ̀nà oko, ó ti kú, ọ̀bẹ wọ ọ́ láyà títí dé èèkù. Wọ́n yọ ọ̀bẹ, wọ́n nù ún, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ta lẹ ó mú? Wọ́n mú un.

Kábíyèsí gbé ọ̀bẹ náà dání. Ó ní, "Ọ̀bẹ tí kò lámì, ta ló ni ín bí kò ṣe ẹni tí kì í sàmì? Ògúnníran, ṣé ìwọ lo rọ ọ́?"

"Èmi kọ́, Kábíyèsí."

"Kí lo máa fi hàn wá pé ìwọ kọ́?"

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i dáadáa. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó pa á dé. Ó wolẹ̀, ó ní, "N kò ní nǹkan kan láti fi hàn." Ọba ní ó dára, òun fún un ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Tí ẹnikẹ́ni kò bá mú ẹ̀rí wá kí oòrùn ọjọ́ kẹtàdínlógún tó kan àtàrí, wọ́n á bẹ́ ẹ lórí.

Àwẹ̀ró, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á! Ẹ̀yin lẹ mọ igbó, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà. Ẹ ṣe nǹkan!" Mo ní kó dìde. Mo bẹ ọba kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ náà. Mo gbé èèkù rẹ̀ sí imú. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú ọdẹ ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́jọ tí mo bí, torí òun ló ń bọ́ wọn. Igi èèkù yẹn ń rùn bí oyin tó kan. Bàbá ìyá wa ti sọ fún mi rí pé igi kan ṣoṣo ló ń rùn báyẹn, ibì kan ṣoṣo ló sì ń hù sí, inú igbó tí wọ́n ń pè ní Igbó Ẹwìrì, tí èéfín kì í dá níbẹ̀, tí ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ kì í bọ̀ wá ròyìn. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Mo gbé àpò, mo gbé ìbọn, mo lọ.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Ìlú tí mo kọ́kọ́ já sí, Tẹni-tó-bá-mú ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, wọn kì í sàmì sí ohunkóhun. Ewúrẹ́ wọn kò lámì, aṣọ wọn kò lámì, ojú ọmọ wọn dán bíi àwo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ di nǹkan mú ló ni ín. Kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan ti di mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní, "Ọmọ mi dé!" Òmíràn di ọwọ́ òsì, ó ní, "Irọ́ ni, èmi ni mo bí i!" Obìnrin méje! Ọ̀kan fa ẹsẹ̀, ọ̀kan fa etí. Mo ní ilà ojú mi ńkọ́, ẹ kò rí ilà bàbá mi ni? Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ ilà? Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọkùnrin kan wá gbé àáké jáde, ó ní kí wọ́n pín mi ní dọ́gbadọ́gba kí ìjà lè tán.

Ọgbọ́n wá sí mi lórí. Mo pariwo, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun! Mo ti pa ènìyàn níbi tí mo ti ń bọ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá ni mí ló ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èwo nínú yín ni kí n júwe fún wọn?"

Háà! Ọwọ́ mẹ́rìnlá tú lára mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Kì í ṣe ọmọ mi o!" "Èmi kò bímọ rí!" Ẹni tó gbé àáké ti wọ ilé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Mo sá. Mo ń sá, mo ń rò ó pé bí ayé ṣe ń rí nìyí tí kò bá sí àmì: nígbà tí nǹkan dùn, gbogbo ènìyàn ló ni ín. Nígbà tó di ọ̀ràn, kò ní bàbá, kò ní ìyá.

Ẹ̀yin tó ní dandan ni kí gbogbo ọ̀bẹ ní àmì, mo rí yín, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ dúró ná.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo dé ìlú kejì. Àmì-ló-jù lorúkọ rẹ̀. Àmì wà lára ògiri, lára òkúta, lára ewé orí igi. Ọba wọn kò ní ibi tí ara rẹ̀ ṣófo tó ọmọ ìka. Ó fi ọ̀bẹ ìlú wọn hàn mí, mo sì kan sáárá, torí iṣẹ́ ọnà tó wà lára rẹ̀ lè mú ènìyàn gbàgbé ebi. Ṣùgbọ́n ọba náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àlejò, ilà ojú rẹ kéré jù. A ó fi ogójì kún un kí o tó kọjá."

Ogójì ilà! Ìyá tó bí mi gan-an kò ní mọ̀ mí mọ́. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà gbé mi dùbúlẹ̀. Wọ́n jókòó lé mi lápá, wọ́n jókòó lé mi nítan. Olóòlà gbé ọ̀bẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo di ojú, mo ké pe Ògún. Ó fa ọ̀bẹ. Mo retí ẹ̀jẹ̀. Ó tún fà á, ó ń làágùn, ó ń fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ́ pákó. Kò sí nǹkan kan! Wọ́n ti fi àmì kún ọ̀bẹ náà títí kan ojú rẹ̀, kò sí ibi tó ṣẹ́ kù láti pọ́n. Ọ̀bẹ yẹn kò lè gé ilá! Ẹ̀rín gbé mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wo ara wọn, ìtìjú mú wọn, ìjókòó wọn dẹ̀. Mo ta ọ̀kan nípàá, mo fò dìde, mo wọ igbó lọ ráúráú. Títí di òní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yìí ṣì ń yún mi tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá ni mo wọ Igbó Ẹwìrì. Àwọn igi tó ń rùn bí oyin tó kan yí mi ká, wọ́n sì ń mí. Láàárín wọn ni mo ti rí ìwin kan tó ga ju igi ọ̀pẹ lọ, ó jókòó ti iná. Kò ní àyà bíi tiwa. Ẹwìrì méjì, irú èyí tí a fi ń fẹ́ iná nílé àgbẹ̀dẹ, ló wà níbẹ̀. Tó bá mí sínú, iná á kú. Tó bá mí síta, iná á ru. Kò wo ẹ̀yìn tó fi sọ̀rọ̀.

"Kí ló ń jẹun lójoojúmọ́ tí kì í yó, tí ẹni tó bí i gan-an ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀bẹ ni."

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ọ́. Kí lo wá ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo kan fọ́nnu díẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Mo ní kò sí ọ̀bẹ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi láyé, pé kódà bí wọ́n bá di mí lójú, mo lè yọ ọ́ nínú ẹgbẹ̀rún. Ìwin náà yíjú sí mi. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀, ó to ọ̀bẹ méje sílẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Ó dára. Ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ dà níbẹ̀? Tí o bá ṣìnà, ìwọ ni yóò máa fa ẹwìrì mi láti òní lọ, torí àyà ń ro mí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo jókòó ti ọ̀bẹ méje náà láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí ó fi yẹ̀. Mo gbé wọn, mo fi wọ́n fá irun apá, gbogbo wọn fá a. Mo fi èékánná ta wọ́n, gbogbo wọn dún. Mo fi wọ́n sí ahọ́n, mo gbọ́ òórùn wọn. Àbúrò ẹ̀gbọ́n mi ni mí, mo fa ẹwìrì fún un kí n tó ní irùngbọ̀n, n kò sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àjèjì. Mo fẹ́ mú ọ̀kan ṣáá, kí Ọlọ́run bá mi ṣe é. Ọwọ́ mi ti kan ìkẹta. Mo rántí pé orí ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́.

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo ní, "Mo fọ́nnu ni. N kò mọ̀ ọ́n."

Iná kú, iná ru. Ìwin náà ní, "O ṣe é re. Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo rọ méjèèje. Èyí tó bá wù ọ́ kí o mú, ìṣìnà ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, iná ń fò sókè. "Èmi náà ni mo rọ èyí tó pa Balógun yín. Ó gé igi wa méjì létí igbó láti fi kọ́ ilé. A ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní igi kì í sọ̀rọ̀. Mo fi igi tó gé ṣe èèkù, èèkù náà, ọmọ igi, ló sì gbé ọ̀bẹ lọ bá a."

Mo ní kó bá mi kálọ kó wá wí bẹ́ẹ̀ níwájú ọba. Ó ní ìwin kì í jẹ́rìí láàfin. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ju irin kan tó ti dípẹtà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé e, mo sì fi ibi tí eegun ẹfọ̀n ti ya ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀bẹ tèmi ni, tí ẹ̀gbọ́n mi rọ fún mi, tó bọ́ lọ́wọ́ mi sínú odò ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Èèkù rẹ̀ ti jẹrà tán. Ìrù irin tí a máa ń kì bọ inú èèkù wà níhòhò.

Ìwin ní, "Gbogbo ọ̀bẹ tó bá sọ nù lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ́ sí. Wo ìrù rẹ̀."

Mo fi àtàǹpàkò nù ún. Àmì kan wà níbẹ̀, ó kéré bí irúgbìn ata. Ẹsẹ̀ adìẹ, ìka mẹ́ta. Àmì bàbá wa!

"Gbogbo tirẹ̀ ló ní in," ni ìwin wí. "Lábẹ́ èèkù, níbi tí ojú kò dé. Tèmi ni kò ní. Máa lọ sílé."

Ẹ wo bí inú ṣe bí mi! Ẹ̀gbọ́n mi Má-sàmì, ogójì ọdún! Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kó kàn sọ pé kí wọ́n fọ́ èèkù kan ṣoṣo. Ó la ẹnu, ó pa á dé, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé òun náà ń sàmì! Mo bú u títí mo fi jáde nínú igbó. Mo gba ẹ̀yìn òkè bọ̀, kí n má bàa tún kan ìlú méjèèjì yẹn. Ó jìn jù, ọjọ́ sì ń tán lọ. Mo sùn lórí ìrìn, mo jẹun lórí eré.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, òjìji mi ti kúrú lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo wọ iwájú ààfin. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó máa bẹ́ ẹ ti ká apá aṣọ. Mo ké, "Ẹ dúró! Mo mú ẹ̀rí dé!" Ariwo sọ. Àwẹ̀ró ṣubú lulẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wo irin tó wà lọ́wọ́ mi, ó rí i pé kò ní èèkù, ojú rẹ̀ sì yí.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́. "Àbúrò mi, mo fi ọmú ìyá wa bẹ̀ ọ́. Jù ú nù."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ pa yín."

"Ikú yá ju ẹ̀sín. Jẹ́ kí wọ́n sin Má-sàmì. Jù ú nù, mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, mo ti bá ẹkùn wọ̀yá ìjà, n kò gbọ̀n tó bí mo ṣe gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin tó tọ́ mi dàgbà ló ń fi ọmú tí a jọ mu bẹ̀ mí. Ó tó ohun tí ènìyàn ń gbọ́ tí ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo yí ojú kúrò lára rẹ̀. Mo wólẹ̀ fún ọba.

"Kábíyèsí, kí wọ́n fọ́ èèkù ọ̀bẹ tó pa Balógun."

Wọ́n fọ́ ọ. Ìrù rẹ̀ mọ́ roro. Ọba ní, "Kí nìyẹn fi hàn? Ẹni tí kì í sàmì náà ló rọ ọ́."

Mo gbé irin ìpẹtà mi sókè. Mo ní, "Ó ń sàmì. Gbogbo ọ̀bẹ rẹ̀ ló ní ẹsẹ̀ adìẹ lábẹ́ èèkù. Ẹ fi tèmi sílẹ̀, kí ẹ má bàa ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀bẹ Ògúnníran nílé, kó lọ gbé e wá."

Ìyá onífùfú kan ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́. Ó là á mọ́ òkúta, èèkù fọ́ sí méjì. Ó gbé e sójú. Ó ní, "Yéè! Ẹsẹ̀ adìẹ!" Alápatà fọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ. Adẹ́mu fọ́ tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ fọ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo iwájú ààfin fi ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, àwọn ènìyàn ń fọ́ èèkù ọ̀bẹ tó ti bá wọn gbé láti ìgbà ìyàwó. Kò sí èyí tí kò ní in. Ẹnìkan pariwo, "Má-sàmì ti sàmì!" Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀.

Ọba mú ọwọ́ sókè, gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó ní, "Ògúnníran, o fẹ́ kú nítorí èyí? Kí ló dé tí o fi ń ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Kábíyèsí, mo gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Tí mo bá rọ ọ̀bẹ tán, tí mo rí i pé ó mú, inú mi máa ń dùn débi pé n kò lè fún un ní èèkù kí n má kọ́kọ́ sọ fún un pé èmi ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ń sunkún, ìwọ ẹlẹ́rìn-ín, máa wò mí báyẹn.

A mú un délé. Ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kìíní, kò jẹun, kò dá ènìyàn lóhùn. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lójúde, wọ́n ń kọrin Má-sàmì tó ń sàmì, mo lé wọn, wọ́n tún padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró gún iyán, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ń fi ìró nu ojú. Mo wọlé, mo jókòó tì í.

Kò yíjú sí mi. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ìwọ lo pa mí."

Mo ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kí òkú dìde, iyán ti ń tutù."

Nígbà tó yá, ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó wẹ ọwọ́. Ó gé òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó wo inú àwo. Ó tún wò ó.

Ó gbé ohùn sókè, ohùn tó fi ń bá owú tó ń lu irin sọ̀rọ̀ nílé àgbẹ̀dẹ, ó ní, "Àwẹ̀ró! Ẹran dà?"

Ibi tí ẹnu mi mọ nìyẹn. Ẹ gbé àwọn àpótí mi wọlé, kí ẹ tó máa lọ.